Orúkọ Màmá Fọlákẹ́ Nínú Àpótí Lẹ́tà

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún Síkírátù lórí fóònù ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn kò ju gbólóhùn méjì lọ, mi ò sì tíì gbàgbé rẹ̀ títí dòní. Mo ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ pa kọ̀ǹpútà yẹn, kẹ́ ẹ tún un tàn." Òun ló pè mí pé lẹ́tà tuntun kò wọlé sí íméèlì wọn. Òṣogbo ni mo wà, Iléṣà ni òun wà. Tíì gbígbóná wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì fẹ́ kó tutù. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe fún ilé ìwòsàn aládàáni kan tó ní ẹ̀ka ní Òṣogbo àti Iléṣà. Dàda Estate ni mo ń gbé. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè mí, kò sì sí ohun tí wọn kì í pè mí sí. Ìgbà kan wà tí mo wa mọ́tò dé Iléṣà nítorí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ó ti kú pátápátá. Mo débẹ̀, mo rí i pé nọ́ọ̀sì kan ló yọ wáyà rẹ̀ kó lè ráyè fi iná sí fóònù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ẹnu tún nǹkan ṣe láti Òṣogbo.

Ní ẹ̀ka Iléṣà, yàrá kan wà tí wọ́n ti ń kọ̀wé sí àwọn ilé ìwòsàn ńlá nípa aláìsàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ju agbára wa lọ. Íméèlì ni wọ́n fi ń ṣe é. Èsì kì í wọlé sí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Inú àpótí lẹ́tà kan tí gbogbo yàrá jọ ń lò ló ń bọ́ sí, kí iṣẹ́ má baà dúró bí ẹnì kan kò bá wá. Àpótí àjọlò là ń pè é. Ìlànà ni pé kí oníkálukú fi orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ wọlé, kí èmi sì ti fún orúkọ rẹ̀ láṣẹ láti ṣí àpótí náà.

Màmá Fọlákẹ́ ni ọ̀gá yàrá náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n àga wọn ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sí i. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo lọ síbẹ̀ láti yọ orúkọ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì kúrò nínú íméèlì. Síkírátù, tó gba ipò Màmá, na ọwọ́ sí mi.

"Àǹtí, ẹ má pa orúkọ Màmá rẹ́ o. Wọn ò tíì kú."

"Ta ló ní wọ́n kú? Wọ́n ti fẹ̀yìn tì ni."

"Ẹ ṣáà fi sílẹ̀. Kò dáa kéèyàn máa pa orúkọ alààyè rẹ́."

Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo pa orúkọ náà rẹ́ níṣojú rẹ̀, mo sì gba ọ̀nà Òṣogbo lọ. Ohun tí mi ò béèrè, tí òun náà kò sì sọ nítorí ó mọ̀ pé mo máa bínú, ni pé láti ọjọ́ tí Màmá ti lọ, orúkọ Màmá àti páásíwọ́ọ̀dù Màmá ni gbogbo wọn fi ń ṣí àpótí àjọlò. Kò sẹ́ni tó tíì lo tirẹ̀ rí.

Ètò íméèlì orí kọ̀ǹpútà wa máa ń tọ́jú ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àpótí náà kò fi pòórá lójú wọn nígbà tí mo pa orúkọ Màmá rẹ́. Lẹ́tà àtijọ́ tò síbẹ̀ bó ṣe yẹ, ọ̀kan kò dín. Àwọn tuntun ni kò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Ìkìlọ̀ kékeré kan ń yọ sójú, ó ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Wọ́n tẹ ti Màmá, ó kọ̀ ọ́, wọ́n bá kàn ń lé e kúrò lójú, iṣẹ́ ń lọ.

Ọmọbìnrin kan, Bọ́sẹ̀, ti gbé bàbá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa láti Ìmẹ̀sí-Ilé lákòókò yìí. Àgbẹ̀ olóbì ni bàbá náà. Kókó kan hù sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ẹ̀kọ mímu nìkan ló sì ń lọ, díẹ̀díẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ náà ti ní àwọn máa kọ̀wé bí ibùsùn bá ti ṣí. Láràárọ̀ ni Bọ́sẹ̀ ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Síkírátù láti béèrè bóyá lẹ́tà ti dé.

Ní Ọjọ́bọ̀, Síkírátù tún pè mí.

"Àǹtí, mo ti pa á, mo ti tàn án, ọjọ́ kẹta rèé. Ẹ wá fojú ara yín wò ó. Ọmọ Bàbá ará Ìmẹ̀sí ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà mi."

Mo lọ. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ní orúkọ ta ni wọ́n fi wọlé. Síkírátù wolẹ̀.

"Ti Màmá ni."

"Màmá tí mo pa orúkọ wọn rẹ́?"

"Mo ṣáà bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má pa á."

Mo ṣí orúkọ Síkírátù fúnra rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà náà, mo fún un láṣẹ sí àpótí àjọlò, mo kó ẹ̀dà àtijọ́ dànù, a wá ń retí kí àṣẹ náà múlẹ̀. Ó tó ogún ìṣẹ́jú. Ìgbà tó yá ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta nínú wọn dá lórí Bàbá. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti kọ ọ́: ibùsùn ti wà, kí a gbé e wá kó tó di ọ̀sán Ọjọ́rú. Òmíràn tẹ̀ lé e, ti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú: a kò rí yín, a ti fi ẹlòmíràn sí i.

"Làílà ìlàlláù!" Síkírátù fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo pe ilé ìwòsàn ọ̀hún lójú ẹsẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní àwọn pe nọ́ńbà ìsàlẹ̀ lẹ́tà wa, kò lọ. Nọ́ńbà Màmá ni, èyí tí wọn ò lò mọ́. Àyè mìíràn kò sí, ó di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Èmi ni mo jáde lọ bá Bọ́sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti kọ̀wé?"

"Wọ́n ti kọ ọ́ láti ọjọ́ Ajé."

"Ọjọ́ Ajé? Mo wá lọ́jọ́ Ajé. Mo wá lánàá. Ẹ ní kò sí nǹkan kan."

"Àwa la ò rí i. Èmi ni mo dí ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní ibùsùn náà."

Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ìbá tù mí lára bó bá bú mi. Ó kàn ń wò mí, ó wá ní, "Ṣé kí n gbé Bàbá lọ ulé ni, mà?" Bí wọ́n ṣe ń pe ilé lọ́dọ̀ wọn ló ṣe pè é. Mo sunkún nínú mọ́tò kí n tó lè wà á lọ.

Mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá wa, mi ò dì í ru Síkírátù. Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, ó sì tọ́ sí mi. Láti ìgbà náà, mi ò pa orúkọ kankan rẹ́ mọ́ láìjókòó ti àwọn tó ń lò ó, kí n bi wọ́n pé, "Kí lẹ ń fi orúkọ yìí ṣe?" Ohunkóhun tí wọ́n bá sì sọ, mi ò jẹ́ bínú. Bí mo bá tún àpótí kan ṣe tán, mo máa ń fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí i, kí n sì dúró síbẹ̀ títí yóò fi wọlé.

Bàbá kú ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo wà ní Iléṣà, mo ń kọ́ àwọn ará yàrá náà bí oníkálukú ṣe máa fi orúkọ tirẹ̀ wọlé. Lẹ́tà kan já bọ́ sínú àpótí àjọlò, kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wa la rí i. Ibùsùn ti wà fún Bàbá, kí a gbé e wá lọ́la.

Mo fa àga Màmá Fọlákẹ́ súnmọ́ tábìlì, mo jókòó sí i, mo sì fi orúkọ ara mi fèsì pé wọ́n ti sin ín.