Páńẹ́ẹ̀lì Méjì ní Abà Yèyé Mi

Òwúrọ̀ tí mo bá Yèyé mi nídìí àtùpà elépo, tí wọ́n ń wúkọ́, ni mo pinnu pé páńẹ́ẹ̀lì sólà aláwọ̀ búlúù kò ní dé ilé oníbàárà mi kankan. Mo ti ṣèlérí fún Yèyé pé àwọn àti àtùpà ti pínyà. Látìgbà tí bàbá wa ti kú, Yèyé kì í lè sùn nínú òkùnkùn, èéfín kẹrosíìnì sì ń dà wọ́n láàmú láyà. Abà wa lẹ́yìn ìlú Ìṣẹ́ kò rí iná ìjọba rí, Yèyé kò sì fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n wá bá mi gbé ní Ìkẹ́rẹ́.

Àwọn ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ni. Iṣẹ́ wáyà ni mo ń ṣe, sólà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Oríṣi páńẹ́ẹ̀lì méjì ló wà. Ti sílíkọ́ọ̀nù jẹ́ búlúù, wọ́n to ègé rẹ̀ pọ̀ bíi táìlì. Ó kéré lójú, ó sì lágbára. Èkejì dúdú mọ́ pupa; wọ́n kàn fi ohun tó ń gba oòrùn kun ojú dígí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà la sì ń pè é. Àyè tó ń gbà pọ̀ ju ti búlúù lọ dáadáa. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Adó sọ fún mi pé, "Dáre, tí ojú ọjọ́ bá ṣú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló lè fara dà á." Àwọn oníbàárà ń bi mí pé èwo ni kí àwọn rà. Ọkàn mi kò gbà kí n fi ilé onílé dánra wò, mo bá kó méjèèjì lọ sí abà wa.

Mo gbé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí páànù pálọ̀. Páànù ìhà yàrá Yèyé ti dípẹtà, kò lè gbé nǹkan, torí náà mo ri òpó kúkúrú mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sá kòkó, níbi tí òjìji igi kankan kò dé, mo gbé búlúù lé e fún iná yàrá wọn. Yèyé yí i po.

"Dáre, kí lo sá síbẹ̀ yìí?"

"Oòrùn ni mo sá, Yèyé. Á kó o jọ lọ́sàn-án, ẹ ó sì fi tanná lálẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ohun tá a bá sá, ará ulé yìí mọ̀ ọ́n tọ́jú."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, búlúù borí pátápátá. Òjò dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Iná pálọ̀ ń tàn di òwúrọ̀, ti yàrá Yèyé ń kú kí àkùkọ tó kọ, wọ́n á sì tún tan àtùpà. Bẹ́ẹ̀, bí mo bá dé lọ́jọ́ Sátidé tí mo fi mítà wọn iná búlúù yìí, kò sí ohun tó ṣe é. Mo yẹ wáyà wò, mo pààrọ̀ bátìrì, pàbó ló já sí. Mo ní ìkùukùu ni, bí ọ̀gá mi ti wí.

"Ẹ má bínú, Yèyé. Màá pààrọ̀ ẹ̀."

"Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu, ọmọ mi. Uṣẹ́ rẹ dára. Ó kàn rẹ uná náà ni."

N kò tíì pààrọ̀ rẹ̀ tí Yèyé fi sùn tí wọn kò jí mọ́. Àgbà ni wọ́n, n kò ní sọ pé èéfín ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí àtùpà yẹn lẹ́bàá ibùsùn wọn, ẹkún tí n kò sun nídìí sàréè ni mo sun níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo dúró díẹ̀ ní abà. Òjò kò dáwọ́ dúró, ojú ọjọ́ kò yéé ṣú. Láàárọ̀ kan mo ṣílẹ̀kùn yàrá wọn, mo bá iná tó ń tàn rekete. Lọ́jọ́ kejì bákan náà. Mo pe Bọ́sẹ̀, àbúrò mi tó ń bá Yèyé gbé.

"Ta ló fọwọ́ kan páńẹ́ẹ̀lì yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan, Bọ̀ọ̀dá. Mi ò tiẹ̀ rántí bò ó mọ́ látìgbà tí Yèyé ti lọ."

"Bo kí ni?"

Ó wọlé, ó mú tápólì kan jáde. Yèyé ti gé e lára tápólì tí wọ́n fi ń bo kòkó, wọ́n fi òwú rán etí rẹ̀ kó lè bá páńẹ́ẹ̀lì mu wẹ́kú.

"Bójú ọjọ́ bá ti ṣú báyìí, wọ́n á ti sáré débẹ̀. Wọ́n ní òjò ò gbọdọ̀ pa ohun téèyàn sá, kó má bàa bu. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wà nílé nìkan ni wọn kì í bò ó, wọ́n ní onínǹkan wà nídìí nǹkan ẹ̀. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bò, Bọ̀ọ̀dá, kí wọ́n tó kó kòkó."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ ìsákòkó níbẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe páńẹ́ẹ̀lì búlúù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ti gbé páńẹ́ẹ̀lì búlúù sórí ilé púpọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ẹmùré látìgbà náà. Kí n tó kúrò nílé ẹnikẹ́ni, mo máa ń ní kí wọ́n pe àgbà tó ń wà nílé lọ́sàn-án fún mi. Màá dọ̀bálẹ̀, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí òjò pa á. Fífọ̀ ló ń bá yín fọ̀ ọ́." Àwọn ọmọ ilé a máa fi mí rẹ́rìn-ín pé ta ni yóò máa sáré bo dígí nítorí òjò.

Yèyé mi ni. Wọ́n bò ó kí òjò má bàa ba iṣẹ́ ọmọ wọn jẹ́, wọ́n sì padà sídìí àtùpà.