Haleemah Ọmọ Kemta àti Gẹ̀ẹ́sì Àwọn Aṣojú Ìjọba

Ní Kemta, kò sẹ́ni tí kò mọ Alhaji Mọ́nsúrù aláṣọ àti ìyàwó rẹ̀, Alhaja Ràhámátù. Aṣọ ni wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn òbí wọn, aṣọ náà ni wọ́n ń tà títí dòní. Haleemah ni àbígbẹ̀yìn wọn. Ọmọ náà kàwé, ó jáde yunifásítì, ó ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó padà wálé wá jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀, nítorí kò ríṣẹ́. Kì í ṣe pé ó kórìíra aṣọ títà o. Ohùn rẹ̀ tutù, àwọn oníbàárà a sì máa béèrè rẹ̀ tí wọn ò bá bá a. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré ni kó wà níbi tí orílẹ̀-èdè méjì bá ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, kó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń sọ ti Nàìjíríà.

Ọlọ́run tó mọ ohun tó wà nínú ọmọ ló mú un pàdé Ọ̀gbẹ́ni Herbert Túbọ̀sún. Bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ ní ẹ́ḿbásì wa lókè òkun kó tó fẹ̀yìn tì wá sí Aké. Ní ọ̀sán Sátidé, ó máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sí gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn aṣojú ìjọba ń sọ. Kì í gba kọ́bọ̀. Ọ́fíìsì kan wà l'Ábújá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwa àti àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá. Wọ́n gbà fún un pé lọ́dọọdún, kó fi ẹnì kan ránṣẹ́ wá kọ́ṣẹ́. Ẹnì kan péré. Ipò yẹn ni Haleemah ń wá.

Gẹ̀ẹ́sì yìí kì í ṣe èyí tí à ń sọ ní báńkì o. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í sọ fún èèyàn pé irọ́ ló ń pa. Wọn a ní ohun tí àwọn gbọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Wọn kì í ní àwọn ò gbà; wọn a ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbé e délé lọ wò. Ó yá Haleemah lára. Ọmọ aláṣọ ṣáà ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ fún oníbàárà tí oníbàárà ò ní bínú lọ.

Àfi ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìjókòó ìdánrawò. Wọ́n pín wọn sí orílẹ̀-èdè méjì tí odò kan là láàárín. Àwọ̀n àwọn apẹja apá kan ya, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ya á. Bọ́lárìnwá ọmọ Òwu, tó kàwé lọ́yà, ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn tí àwọ̀n wọn ya. Ó gbaná jẹ, ó ń lu tábìlì. Ó dẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Haleemah ló máa dá a lóhùn fún apá kejì.

Nílé tí wọ́n ti tọ́ Haleemah, tí ẹnì kan bá ń bínú tó báyẹn, ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí ló ń kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀, ìbáà jẹ́ òun ló jẹ̀bi, ìbáà má jẹ́ òun. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú rẹ̀ ṣe. Bó ṣe dìde nìyẹn, ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara sọ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má bínú, kí wọ́n forí ji orílẹ̀-èdè òun.

Bọ́lárìnwá ò jẹ́ kó jókòó. Ó yíjú sí alága, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti jẹ́wọ́, ó ku kí wọ́n wá sanwó àwọ̀n.

"Ẹ̀yin ará Kemta," ló tún wí, "ẹ ti ta odò mọ́ aṣọ."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Haleemah délé, ó ní òun ò lọ mọ́. Ìyá rẹ̀ ò bá a jiyàn, ó ní kó jẹun ná. Ọ̀gbẹ́ni Túbọ̀sún ló pè é lórí fóònù, tó ní kó máa bọ̀ nílé òun ní ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sídeè, lẹ́yìn tó bá ti kírun Àsárì. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Beatrice, gbé ìjókòó fún un bí ọmọ ilé.

"Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Haleemah," bàbá náà wí. "Àmọ́ ní ibi tí ò ń lọ, ẹni tó bá tọrọ ìdáríjì ti gbà pé òun ló ṣe é nìyẹn. Wá bí wàá ṣe tu èèyàn nínú tí o ò ní jẹ́wọ́ ohun tí o ò ṣe."

Ó gbìyànjú, kò bọ́ sí i. Tó bá ti yọ ẹ̀bẹ̀ kúrò, Gẹ̀ẹ́sì tó kù a tutù bí ẹ̀bà àná. Ẹni tí inú ń bí tó bá gbọ́ ọ, inú rẹ̀ á tún ru sí i.

Àfi bí òjò ńlá kan ṣe rọ̀ tí omi ya wọ ìsọ̀ Ìyá Miriam, tó kángun sí tiwọn. Obìnrin náà ń sunkún, ó ń pariwo pé ẹnì kan ló dí ojú gọ́tà pa, ojú rẹ̀ sì wà lára àwọn aládùúgbò rẹ̀. Alhaja Ràhámátù ká ìró sókè, ó wọ inú omi lọ bá a.

"Ìyá Miriam, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àdánù. Ó dùn wá dọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wo ojú gọ́tà yẹn."

Kò sẹ́ni tó ní Alhaja ti jẹ́wọ́. Ìyá Miriam nu ojú, wọ́n gbé ṣọ́bìrì, wọ́n jọ lọ. Haleemah dúró pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́, ó ń wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá kí ọlọ́fọ̀, ṣé òun ló pa òkú ni? Èyí tó ti ń wá kiri nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó ti wà lẹ́nu wọn nílé tipẹ́. Ní Wẹ́sídeè, ó gbé e lọ bá olùkọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń wá Gẹ̀ẹ́sì tó bá a mu, wọ́n ń yí i síwá sẹ́yìn títí ó fi gbóná bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Àwọn àlejò láti ọ́fíìsì Ábújá, tí wọ́n wá wo ẹni tó yẹ kó wá kọ́ṣẹ́, jókòó sí iwájú. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ tòmátò ni wọ́n ní wọ́n dá dúró ní bọ́dà orílẹ̀-èdè Haleemah títí gbogbo rẹ̀ fi rà. Bọ́lárìnwá náà ló tún dìde. Ó sọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ débi pé àlejò kan ń mi orí. Ẹ̀bẹ̀ ti dé ẹnu Haleemah, ó gbé e mì.

"Ó dùn wá dọ́kàn pé àwọn àgbẹ̀ yín pàdánù ohun tí wọ́n fi òógùn ojú gbìn," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ rán èèyàn lọ sí bọ́dà, ká mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó má bàa tún ṣẹlẹ̀ mọ́."

Bọ́lárìnwá ní, "Ṣé ẹ gbà pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi?"

"Mo ní ó dùn wá. Ẹni tó jẹ̀bi, òun la fẹ́ jọ wá."

Bọ́lárìnwá jókòó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti pe orúkọ Haleemah. Bọ́lárìnwá ló kọ́kọ́ wá bá a. "Ìyá wa Ábújá," ó ní, "ẹ má gbàgbé wa o."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Haleemah àti àwọn òbí rẹ̀ ti wà ní Aké láti lọ dúpẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún lọ. Ó ti wà l'Ábújá báyìí, inú ọ́fíìsì ńlá ló ń jókòó sí, ṣùgbọ́n tó bá ti kírun Jímọ̀ tán, yóò pe olùkọ́ rẹ̀ pé ẹ kú oore ọjọ́sí. Ọ̀gbẹ́ni Túbọ̀sún rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ó ní nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń dúpẹ́, ó ti tó.

Haleemah ní, "Sà, Gẹ̀ẹ́sì lẹ kọ́ mi. Ẹ ò kọ́ mi ní àìmoore."