Ta Ló Ya Ọmọ Tó Ń Fò?

Lábẹ́ bíríìjì Kẹ́tu, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ògbólógbòó ìwé, ni mo ti rí i: ìwé aláwòrán àtijọ́ kan tí wọ́n ṣe fún ọmọdé, nípa ọmọ alágbára tó so aṣọ mọ́ ọrùn, tó ń fò lójú ọ̀run láti gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ ọ̀daràn. Ojú ìyá mi ló wà lójú ọmọ náà. Fáráńdà tó ti gbéra sì rèé, fáráńdà ilé tí a gbé ní Alápẹ̀rẹ̀ nígbà kan ni. Wọn ò kọ orúkọ ẹni tó ya àwòrán sí ibì kankan.

Mo gbà pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ọmọ inú àwòrán náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ibà gbé e lọ. Ọmọ ọdún márùn-ún ni èmi. Òkú ọ̀fọ̀ ni, wọn kì í sì í jẹ́ kí òbí rí nǹkan irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹbí ti kó aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀ àti gbogbo fọ́tò rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ìyá mi ò dárúkọ rẹ̀ rí. Mi ò rántí ojú rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. Èyí tó kú tí wọ́n tún wá sọ nù ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ara mi ti kú sí i.

Ẹni tó ya àwòrán náà nìkan ló lè sọ fún mi bóyá ojú rẹ̀ nìyí lóòótọ́. Mo gbé ìwé náà lọ bá obìnrin kan tó ń ta ata ní Mile 12, tí òun náà gbé ilé wa nígbà náà.

"Ha, Uncle yàrá ẹ̀yìn ló ya èyí!" ló wí. "Ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀ ló wà báyìí, ní Ìkòsì."

Bàbá náà ti darúgbó. Ó ní kí wọ́n fún mi ní mínírà tútù, ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú.

"Daddy, ẹ̀gbọ́n mi nìyí, àbí?"

"Rárá o. Ìwọ nìyẹn. Orí tábìlì ni mo gbé ẹ dúró sí. You no dey fear."

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Òun ló bá mi na aṣọ yẹn sẹ́yìn ẹ, kó lè dà bíi pé atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Mi ò ya òun. Aṣọ nìkan ni mo yà."

Mo bi í bóyá ó ní àwòrán mìíràn nílé. Ó ní omi ọ̀gbàrá ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Mo mu mínírà mi tán, mo dúpẹ́.

Ilé ìyá mi ni mo gbà lọ. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀, ìgbà yẹn ni mo tó wo aṣọ ọrùn ọmọ náà dáadáa. Igun rẹ̀ méjèèjì ká jọ, bí aṣọ ṣe máa ń ká jọ níbi tí èèyàn bá ti dì í mú.

"Mummy, ibi tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi wà nìyí."

Ó fi ìka kan igun kan, ó fi kan èkejì. Ó wá pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sókè, bí ẹni ń pe ọmọ tó wà ní yàrá kejì, ó sì ń retí ìdáhùn.

Èmi ni mo dáhùn pé, "Mà."