Òwú Tí Àkànó Gáàdì Fi Wọn Ojú Ọ̀run

Lọ́dún 1965, ọjọ́ tí bàálù gbé ìyàwó Àkànó Gáàdì láti Kánò lọ sí Jídà fún Háàjì, ọkọ rẹ̀ kò jẹ, kò mu, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ní Òkè-Baálẹ̀. Òwú ìránṣọ ló sọ fún un pé aago mẹ́rin ni bàálù máa balẹ̀.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Àkànó fi ṣe gáàdì reluwé ní Òṣogbo, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ó gba òwú lọ́wọ́ Rájí télọ̀, aládùúgbò rẹ̀, ó tẹ́ máàpù sílẹ̀, ó fi òwú tọ ojú irin láti Òṣogbo dé Kánò, ìrìn odidi ọjọ́ kan, ó ta kókó síbẹ̀. Kánò sí Jídà wá jẹ́ ìwọ̀n mẹ́rin. Wọ́n ti sọ fún un pé ohun tí reluwé ń fi odidi ọjọ́ rìn, wákàtí kan ni bàálù ń fi rìn ín. Wákàtí mẹ́rin nìyẹn. Àkànó tún fi mẹ́rin mìíràn kún un.

“Mẹ́rin wo nìyẹn, Gáàdì?” Rájí bi í.

“Wọn ò níí dúró bu omi bíi ti reluwé ni?”

“Bàálù kì í bu omi lójú ọ̀nà!”

“Ẹ́ńjìnnì wo lo ti rí tí kì í mu omi?”

Rájí rẹ́rìn-ín títí, ó wá gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ síwájú rẹ̀. Àkànó kò wò ó. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ń ka tẹ̀sùbáà. “Kàdíjátù wà lójú ọ̀nà,” ó ní. “Gáàdì kì í jẹun kí ọkọ̀ tó dé tésàn.” Nígbà tó di aago mẹ́rin géérégé, ó ní, “Alhamdulillahi, ó ti balẹ̀.” Ẹ̀kọ mẹ́fà ló jẹ láìmí.

Nígbà tí Alhaja Kàdíjátù dé, ó ní, “Bàbá Táòfíkì, a ò lò tó wákàtí márùn-ún lókè. Nígbà tí ẹ ń febi panú, mo ti jẹun yó.”

Àkànó ní, “Awakọ̀ yín fo tésàn nìyẹn. Kí ló dé tí ẹ ò fẹjọ́ rẹ̀ sùn?”

Ọdún méjìlá la fi rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yìí. Alhaja ló ń rín in jù.

Lọ́dún 1977, Àkànó jí lọ́jọ́ Àlàmísì, ó ní àyà ń dun òun. Kí wọ́n tó kírun Àsárì, a ti sin ín. Táòfíkì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fi wáyà ránṣẹ́ pé aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni bàálù òun máa gbéra.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Alhaja gbé máàpù àti òwú jáde. Kò mọ̀wé; Rájí ló fìka tọ́ka sí Lọ́ńdọ̀nù àti Ìkẹjà fún un. Ìwọ̀n mẹ́fà ni. Ó ka wákàtí mẹ́fà, ó tún ka mẹ́fà mìíràn fún omi. Ó di aago mẹ́jọ alẹ́.

“Alhaja,” Rájí rọra sọ, “ẹ mọ̀ pé bàálù kì í bu omi.”

“Mo mọ̀.” Kò sì fi nǹkan kan sẹ́nu.

Aago méje ni mọ́tò tó gbé Táòfíkì láti Ìkẹjà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra, wọ́n jọ sunkún. Wọ́n gbé oúnjẹ wá.

“Màámi, ẹ jẹun. Mo ti dé.”

“Mo rí ọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ó ku wákàtí kan lórí òwú bàbá rẹ.”

Rájí ṣí fìlà rẹ̀, ó jókòó tì í. Táòfíkì náà jókòó. Nígbà tí aago lu mẹ́jọ, Alhaja ká òwú náà mọ́ ìka. “Alhamdulillahi,” ó ní, “ó ti balẹ̀.” Ó wá ṣí oúnjẹ.