Tábìlì Mi Tó Lọ Sílé Ìwé

Kí ẹnikẹ́ni tó máa yin ìyàwó mi lójú mi, kó kọ́kọ́ bi mí léèrè ibi tí mo ti ń jẹun. Orí máṣíìnì ìránṣọ ni. Télọ̀ ni mí, mo sì ní tábìlì ìjẹun roboto kan tí mo fi òógùn ojú mi rà, kí Tíṣà tó gé e. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyàwó mi. Èmi náà máa ń pè é bẹ́ẹ̀ tí inú bá ń bí mi.

Ó ní ọmọ mẹ́fà wà ní kíláàsì òun tí wọn ò mọ ìwé kà. Tóun bá ń pariwo níwájú pátákó, ẹ̀yìn etí wọn ló ń gbà kọjá. Òun fẹ́ igun kan tóun á ti máa kọ́ wọn lọ́tọ̀, nígbà táwọn yòókù bá ń ṣe iṣẹ́ tiwọn. Mo ní ó dáa. Mo lọ ra òwú, kí n tó dé, káfíńtà ti gé tábìlì mi wọnú bí ìgbà téèyàn bu búrẹ́dì jẹ. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà!

"Tíṣà, kí lo fi tábìlì mi ṣe?"

"Ọkọ mi, ẹ má bínú. Inú ihò yẹn ni màá jókòó sí. Ọwọ́ mi á tó gbogbo wọn láìdìde."

"Ibo ni kémi wá ti máa jẹun?"

"Ẹ ṣáà ní itan."

Èmi náà ni mo tún bá a gbé e lọ sí kíláàsì rẹ̀. Ó ní ká ti kọ́bọ́ọ̀dù kúrò ní igun. Ó fi ẹ̀yìn àga tirẹ̀ ti ògiri, kó lè máa rí gbogbo kíláàsì. Ó kọ ẹ̀yìn àwọn ọmọ mẹ́fà náà sáwọn yòókù kí ojú wọn má baà máa rìn. Àjákù aṣọ mi ló fi ṣe ẹní, agolo mílíìkì mi ló kó pẹ́ńsù sí. Ó wá ṣòfin: tóun bá ti wà nígun, kẹ́nikẹ́ni má pe òun, àfi tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ kan họ ojú ibi tí ẹ̀fọn jẹ ẹ́ títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀, ó sì gbé e wá.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé, ìyá kan tó fẹ́ràn kí àga tò gbọọrọ, kò fẹ́ràn igun yìí rárá. Wọ́n ní lópin táàmù, àwọn á wá gbọ́ bí kíláàsì ṣe ń kàwé. Tí kò bá dáa, kí tábìlì máa lọ sílé, káwọn mẹ́fà yẹn sì tún kíláàsì kà. Ọmọ fọganáísà wà lára wọn. Ó ti tún un kà lẹ́ẹ̀kan, bàbá rẹ̀ sì ti búra pé tó bá tún ṣẹlẹ̀, táyà ló máa wá máa fẹ́. Àánú ọmọ náà ṣe mí. Àmọ́ àánú tábìlì mi náà ṣe mí.

Àṣìṣe Tíṣà ni pé ó jẹ́ kí igun yẹn dùn jù. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níbẹ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kù á na ọrùn títí.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá àgbà wá, mo ti ọmọlanke dé ẹ̀yìn fèrèsé, mo dúró de tábìlì mi. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n nàka sí ọmọ dókítà, èyí tó ń ka ìwé ìròyìn fún ìyá rẹ̀ àgbà nílé.

"Ọ... ọk... ọk..." Ó ń yọjú wo igun.

Wọ́n pe ẹlòmíràn. "Ọ... ọk..." Ẹnì kẹta, bákan náà. Ọ̀gá àgbà yíjú sí Tíṣà.

"Áà! Àwọn tó mọ̀ ọ́n kà tẹ́lẹ̀ gan-an ti gbàgbé! Tíṣà, ẹ gbé tábìlì yín." Mo gbá ọwọ́ ọmọlanke mú.

Ni ọmọ fọganáísà bá dìde, ọmọ tẹ́nì kan ò gbóhùn rẹ̀ rí. "Irọ́ ni wọ́n ń pa, mà! Wọ́n mọ̀ ọ́n kà! Àga wa ni wọ́n fẹ́ gbà!" Ó já ìwé gbà lọ́wọ́ ọmọ dókítà. "Ojú ẹ fọ́ ni? 'Ọkọ̀ ojú omi náà gbéra ní òwúrọ̀!'" Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó ṣí ojú ìwé, ó tún ń kà á lọ tìbínú-tìbínú. Téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ ni mo bá lọ́wọ́ mi tí mò ń fi nu ojú.

Ọ̀gá àgbà yọ awò ojú wọn. "Ó dáa. Kí tábìlì wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n kà, kó padà sí àyè rẹ̀."

Ọmọ náà dúró. Ó wo àga rẹ̀, ó wo Tíṣà. Ó ṣí ìwé padà síbẹ̀rẹ̀, ó fi ìka sórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó sì wo ojú ọ̀gá àgbà kòrókòró.

"Ọ... ọk... ọk..."

Ìyá náà wò ó títí, ẹ̀rín fẹ́ gbọ̀n wọ́n ṣubú. "Tíṣà," ni wọ́n wí, "ẹ jẹ́ kó ṣì jókòó tì yín. Ó dà bíi pé ọmọ yìí ò tíì mọ nǹkan kan."