Wọn Ò Jẹ́ Kí N Wẹ Ọmọ Ọmọ Mi

Títí di òní, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹdẹ ṣì ń kí mi kú oríire ìrìn àjò Ṣáínà. "Ẹ kú ewu ọ̀nà o, Mọ́mì! Ẹ mà ti lọ wẹ ọmọ lókè òkun!" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Irọ́ ni mo ń pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni omi tí mo bù kan ara ọmọ náà, ohun tó sì tẹ̀yìn ẹ̀ẹ̀kan yẹn yọ ni mo fẹ́ kọ síbí, torí mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí mo ti ṣẹ̀.

Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí irun mi fi funfun. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin sì ni. Ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí Ṣáínà, ó kàwé tán, kò padà wálé, ó fẹ́ ọmọ ibẹ̀. Mo gbà. Nígbà tó lóyún, ó ní abúlé àwọn òbí ọkọ òun ni òun máa bímọ sí, torí iṣẹ́ ọkọ òun ní ìlú ńlá kì í jẹ́ kó dúró nílé. Mo gba ìyẹn náà. Kí n tó rí físà gbà, ọmọ ti dé, bàbá bàbá rẹ̀ ti fún un lórúkọ. Orúkọ tí mo fi àwẹ̀ àti àdúrà mú, mo gbé e mì bí ẹni gbé oògùn mì. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò lè gbà: kí ẹlòmíràn wẹ ọmọ náà nígbà tí èmi ìyá ìyá rẹ̀ wà láyé, tí ara mi sì le.

Ìyá tó bí mi ló wẹ ọmọ mi. Ó ti oko ní Alajue wá bá mi ní Ẹdẹ, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lérí bí ẹni pé kò sí ohun tí èèyàn lè jókòó lé nílé mi. Orí àpótí yẹn ló ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mọ orí ọmọ, bí wọ́n ṣe ń na apá, bí wọ́n ṣe ń fi omi gbígbóná jó ikùn ìyá ọmọ. Ẹni tó wẹ ọmọ ló mọ ọmọ. Ó mọ ibi tí eegun ti le, ó mọ ibi tí kò tíì le. Ohun tí mo ń wá lọ nìyẹn. Mi ò wá wo Ṣáínà.

Mo ra kànrìnkàn, mo ra ọṣẹ dúdú, mo ra òrí tó funfun nini. Ní pápákọ̀ òfuurufú tí a ti sọ̀ kalẹ̀, aṣọ́bodè kan gba òrí náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fajú ro. Mo ṣàlàyé fún un ní Gẹ̀ẹ́sì tó yanjú pé ara èso igi ni wọ́n ti fún un, pé ọmọdé ni wọ́n fi ń pa lára. Ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí níṣojú mi. Kò tilẹ̀ ní kí n máa bínú.

Abúlé náà wà létí odò ńlá kan tó ń lọ jẹ́jẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Oko ìrẹsì yí i ká. Wọ́n kọ ebè ẹ̀fọ́ títí dé ẹnu omi, wọ́n sì sá ata pupa sórí atẹ ọparun níwájú ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbàlagbà nìkan ni mo rí, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní Alajue báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ ti bá iṣẹ́ lọ. Mi ò ní purọ́, nígbà tí mo rí ata yẹn, ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ilé àgbẹ̀ ni mo dé, a máa gbọ́ ara wa yé.

Ìyá ọkọ ọmọ mi jáde wá pàdé mi, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ bàtà oko sẹ́sẹ̀. Mo dàgbà jù ú lọ, síbẹ̀ mo kúnlẹ̀, torí àna ni. Ó figbe ta, ó di apá mi méjèèjì mú, ó fà mí dìde. Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi wá ń sọ fún mi pé òkú àti àwọn baba ńlá ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ kí n tó kúrò ní Ẹdẹ. Ó ní òun gbàgbé. Ọdún mélòó ló lò lábẹ́ òrùlé mi tó ń kúnlẹ̀ láràárọ̀, tó wá gbàgbé pé mo máa kúnlẹ̀?

Inú yàrá ni mo bá ọmọ mi fúnra rẹ̀. Wọ́n ti fèrèsé pa gbọn-in. Ó dé fìlà onírun, ó wọ ìbọ̀sẹ̀, òógùn sì ń ṣàn létí rẹ̀.

"Kí ló ṣe ẹ́? Ibà ni?"

"Rárá, Mọ́mì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyí. Títí oṣù kan á fi pé, mi ò gbọdọ̀ wẹ̀, atẹ́gùn ò sì gbọdọ̀ fẹ́ sí mi."

"O ò tíì wẹ̀ látìgbà tí o ti bímọ?"

"Wọ́n ń fi aṣọ gbígbóná nù mí."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n ń nu òun náà."

"Nù? Ṣé tábìlì ni?"

Ẹ̀rín pa á, ó fọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀."

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Wá omi kaná fún mi ná, kí n wá bẹ̀rẹ̀."

Mo ní kó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé láti àárọ̀ ọ̀la, èmi ni n ó máa wẹ ọmọ. Ó bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀. Obìnrin náà mi orí, ó rọra fọwọ́ pa mí lápá, ó sì lọ gbé àga onítìmùtìmù wá fún mi. Mo rò pé ó ti gbà ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo dìde sídìí omi, ó gba ìkòkò lọ́wọ́ mi, ó nàka sí àga. Ọjọ́ kejì, àga. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àga náà ni. Mi ò lè na ọwọ́ sí ọmọ kí wọ́n má gbé àga wá. Wọ́n ń bọ́ mi dáadáa, wọ́n ń se ẹyin àti ọbẹ̀ atalẹ̀ fún mi, mo sì ń jókòó bí ère.

Ẹni tó tú àṣírí ni bàbá ọkọ ọmọ mi. Ó rí i pé mo ń ronú, ó juwọ́ sí mi pé kí n bá òun lọ sí oko etí odò. Inú mi dùn díẹ̀ níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sórí ebè, mo ń bá a fa koríko, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń na àtàǹpàkò sí mi. Ó wá yọ fóònù rẹ̀ jáde, èyí tó ń túmọ̀ èdè. Ó sọ̀rọ̀ sí i, fóònù sì bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé ṣé ọwọ́ mi ti ń san.

Mo ní, "Ọwọ́ wo?"

Ó tún sọ̀rọ̀ sí i. Fóònù ní: ọmọ yín sọ fún wa pé làkúrègbé ń bá yín jà lọ́wọ́, pé ẹ ò lè gbé ọmọ, pé ojú sì máa ń tì yín láti sọ ọ́.

Mo wo ọwọ́ mi. Koríko tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu kún inú rẹ̀, tòun ti yẹ̀pẹ̀.

Mi ò fọwọ́ kí n tó wọ yàrá lọ bá ọmọ mi.

"Ọwọ́ ta ló ń ro ó?"

"Mọ́mì..."

"Mo ní ọwọ́ ta?"

"Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wẹ̀ ẹ́. Tí mo bá sọ ìyẹn fún yín, ẹ máa bínú. Tí mo bá sọ tiyín fún wọn, àwọn náà máa bínú. Èmi ni mo ń bá wọn gbé, Mọ́mì."

"O wá gé mi lọ́wọ́."

Ó bú sẹ́kún. Mi ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo bi í pé kí ló wá ní kí n wá ṣe, tí kì í bá ṣe ìwẹ̀ ọmọ. Ó ní òun kàn fẹ́ rí mi ni. Ẹ gbọ́ mi, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n máa ń fẹ́ rí. Ìyá máa ń wá ṣiṣẹ́ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé agbọ̀n lọ sórí àtẹ̀gùn òkúta tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀fọ́ létí odò. Ọmọ mi dìde, ó gbé omi kaná fúnra rẹ̀. Ó tú ọmọ sílẹ̀ nínú aṣọ tí wọ́n fi wé e, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.

Mo fi ìgúnpá wo omi. Mo fọ orí, mo fọ ìpàkọ́, mo wo abẹ́ ọrùn: mílíìkì ti gbẹ síbẹ̀, ara ibẹ̀ ti pọ́n. Èrè nínù nìyẹn. Mo na apá ọ̀tún pàdé ẹsẹ̀ òsì, mo na apá òsì pàdé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọmọ kọ́kọ́ ké, nígbà tó yá ó dákẹ́, ó ń wo ẹnu mi, torí mò ń ki oríkì ilé wa fún un. Mo mú un lẹ́sẹ̀ méjèèjì, mo dorí rẹ̀ kodò, bí wọ́n ṣe ṣe mí, bí wọ́n ṣe ṣe ìyá rẹ̀. Mo wá gbé e nàró, mo sọ ọ́ sókè. Ó ti pẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń kìlọ̀ fún wa pé ká má sọ ọmọ sókè mọ́. Mo gbọ́, mo sì mọ ìdí rẹ̀ jù wọ́n lọ. Àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ mi àti ara ọmọ yẹn, bébà kan ò ní gba ibẹ̀ kọjá.

Ìgbà tó wà lókè yẹn ni ìyá ọkọ wọlé.

Agbọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó máa figbe ta bí ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀, kò ké. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi tòun ti omi lára, ó fi ẹ̀wù tó wà lọ́rùn rẹ̀ wé e. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ, ọmọ mi ló dojú rẹ̀ kọ.

"Túmọ̀ ẹ̀ fún mi."

"Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀."

"Mo ní túmọ̀ ẹ̀. Èyí tó sọ gan-an ni mo fẹ́."

"Wọ́n ní ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ àwọn ni."

Ọmọ àwọn. Mo ní, "Sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe wẹ ìwọ náà nìyẹn. Sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe wẹ gbogbo Ẹdẹ nìyẹn, a ò kú." Kò sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀fọ́ tó dà sílẹ̀.

Látọjọ́ náà, yàrá ìyá ọkọ ni ọmọ ń sùn, ìlẹ̀kùn sì ń wà ní títì. Ọkọ ọmọ mi pè láti ìlú ńlá, ó fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí n ṣáà máa sinmi. Ta ló sọ fún un pé ó rẹ̀ mí? Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń ṣàánú mi. Ó máa ń gbé ọmọ wá sẹ́nu ìlẹ̀kùn, á nàka sí mi, á ní, "Wàìpó, wàìpó." Mo bi ọmọ mi léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní bí ọmọ á ṣe máa pè mí nìyẹn, ìyá ìyá ni.

"Ìyá bàbá náà ńkọ́? Wàìpó ni?"

"Rárá. Tiwọn yàtọ̀."

Olùkọ́ ni mí, mo máa ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀. "Wàì yẹn nìkan, kí ló ń jẹ́?"

"Ìta, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rò ó bẹ́ẹ̀."

Ìyá ìta. Bàbá yẹn ń rẹ́rìn-ín sí mi tọkàntọkàn nígbà tó ń pè é, ìyẹn ló tilẹ̀ jẹ́ kó dùn mí jù. Ní ilé wa, ìyá ìyá ni ìyá, ìyá bàbá ni ìyá. Ọmọ kì í fi ẹnu pín wọn.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ìyá ọkọ di ata gbígbẹ fún mi, ó dì í dáadáa, ó sì gbé ọmọ wá sójúde. Mo na ọwọ́ méjèèjì. Ó jẹ́ kí n di ẹsẹ̀ ọmọ mú, nínú ìbọ̀sẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò dẹ ọwọ́ lára ọmọ.

Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà lọ́jà Sekona, mò ń ra iṣu, nígbà tí ìyá rẹ̀ pè pé òun tún ti lóyún. Mo ké halelúyà, oníṣu bá mi ké e láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá físà?"

Kò dáhùn. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni.

"Mọ́mì, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ọ̀nà jìn."

"Ta ló máa wẹ ọmọ náà?"

"Wọ́n wà níbí, Mọ́mì."

Mo ní kó gbé fóònù fún ìyá ọkọ rẹ̀. Èmi tí wọ́n ṣẹ̀, èmi ni mo dúró láàárín àwọn tó ń ra iṣu, tí mo ń bẹ̀bẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní sọ ọ́ sókè. Mi ò ní mú un lẹ́sẹ̀. Ẹ lè dúró tì mí, ẹ lè di orí rẹ̀ mú, omi nìkan ni n ó máa bù sí i lára. Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì tán lẹ́nu mi, mo sọ ọ́ ní Yorùbá. Obìnrin náà gbọ́ mi dópin. Ó wá dáhùn ní èdè tirẹ̀, ohùn rẹ̀ ò le, ó sọ̀rọ̀ títí.

Mo ní, "Kí ni wọ́n wí?"

Ọmọ mi ní, "Wọ́n kí yín, Mọ́mì."

Ọ̀rọ̀ tí obìnrin yẹn sọ gùn ju ìyẹn lọ.