Àárọ̀ Tí Àdín Dì Nínú Ilé Iná Ebúté Wa

Ẹ fún mi láyè díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo di olùtọ́jú iná etí omi. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tísà sáyẹ́ǹsì! Àwọn tó mọ̀ mí ní Erinje mọ̀ pé ọmọ oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ni mí, n kò tilẹ̀ mọ̀wẹ̀. Ọkọ ló gbé mi dé etí omi.

Àwọn ọdún náíńtíìsì ni, nígbà ìjọba ṣójà, tí èèyàn á tò fún kẹrosíìnì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí á sì gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo padà sílé. Ṣé ẹ rántí? Wọ́n pín mi sí ilé ìwé girama kan lọ́nà Akotogbo. Akin ọkọ mi jẹ́ ọmọ ebúté kan nítòsí ibẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ sì ni mo ń gbé, nítorí Okitipupa ni Akin ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. N kò ní dárúkọ ebúté náà, kí àwọn àna mi má bàa pè mí lẹ́jọ́.

Ilé iná kan wà ní ebúté yẹn. Àwọn òyìnbó tó ń ra epo pupa láyé àtijọ́ ló kọ́ ọ, kí ọkọ̀ lè mọ ọ̀nà wọlé láti ojú ọ̀sà. Kò ga púpọ̀. Ẹ mú ilé alájà mẹ́ta, ẹ sọ ọ́ di tín-ín-rín, ẹ fi àkàbà irin sí i lára, ẹ wá gbé yàrá onígíláàsì kékeré lé e lórí. Òun nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọkọ mi, kò sẹ́ni tó tàn án rí. Àdán ló sọ ọ́ di ilé.

Kí ló wá kàn mí níbẹ̀? Ìyá ọkọ mi ni o!

Màmá, bí mo ṣe ń pè é, máa ń kó gààrí àti epo lọ sí ọjà àwọn ará Ìjọ̀ lódìkejì omi, á sì kó ẹja bọ̀. Ìdájí ni ọkọ̀ wọn máa ń padà, kí ẹja lè bá mọ́tò àkọ́kọ́ lọ sí Okitipupa. Níbi tí ọ̀sà ti wọ odò wa, ọ̀nà méjì ló wà. Ti ọ̀tún já sí ebúté. Ti òsì kún fún kùkùté igi tó rì sábẹ́ omi, inú irà ló sì parí sí. Bí ọyẹ́ bá dé, kùrukùru á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, o kò ní rí ẹni tó jókòó níwájú rẹ nínú ọkọ̀.

Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí mo débẹ̀, ọkọ̀ wọn ya òsì. Ó gbá kùkùté, ó dojú dé. Wọ́n rí Màmá yọ, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti jọ ń nájà láti ìgbà ọmọge bá omi lọ. Láti ọjọ́ náà, Màmá kò dé ojú omi mọ́. Ó jókòó sílé, ó ń rù. Obìnrin tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ládùúgbò pé ilẹ̀ ti mọ́! Ó dùn mí dénú egungun.

Mo bá pinnu pé iná yẹn máa tàn.

Mo lọ bá Baálẹ̀. Ó ní kí n ní sùúrù, pé ìjọba ló ni ilé iná, àwọn sì ti kọ̀wé sí wọn. Mo béèrè pé ìjọba wo? Ó ní ti ìgbà tí òun ṣì wà ní ọ̀dọ́. Ẹ gbọ́ ná! Mo ní bàbá, ẹni tó bá ń dúró de ìjọba létí omi, omi ló máa gbé e lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n rántí pé obìnrin kì í gun ọ̀pẹ. Mo ní irin ni mo fẹ́ gùn.

Mo wọ ṣòkòtò ọkọ mi, mo gùn ún, gbogbo ebúté sì jáde wá wòran. Àwọn àdán kọ́kọ́ bá mi jà, nígbà tó yá wọ́n gba kámú. Gíláàsì tó yí àtùpà ká nípọn, ìlà róbótó-róbótó wà lára rẹ̀, òun ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ kó lè dé ọ̀nà jíjìn. Ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ni mo fi fọ̀ ọ́. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ idẹ àtùpà títí ó fi ń dán. Òwú rẹ̀ ti jẹrà, mo bá fi singilẹ́ẹ̀tì Akin lọ́ òmíràn. Ó wá singilẹ́ẹ̀tì yẹn títí, n kò dá sí i.

Kẹrosíìnì ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọmọ Erinje ti fakọ yọ! Mo ní kí la fẹ́ fi kẹrosíìnì ṣe, níbi tí ekùrọ́ pọ̀ tó báyìí? Ṣebí àdín ni àwọn ìyá ìyá wa ń tàn kí kẹrosíìnì tó dé. Abẹ́ ilé iná yẹn gan-an ni àwọn obìnrin ebúté pa àtíbàbà sí tí wọ́n ti ń dín ekùrọ́. Mo bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń bu àdín fún mi.

Ẹ má dá mi lóhùn, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ta ni kò mọ̀ pé àdín máa ń dì nígbà òtútù? Èmi náà mọ̀. Mo tiẹ̀ dán an wò. Mo tan díẹ̀ nínú ilé ìdáná wa mọ́jú, nígbà tí òjò tutù ń rọ̀, kò dì. Mo ní ooru iná tó wà lórí rẹ̀ ti tó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa gbà.

Iná tàn. Àwọn atukọ̀ ní àwọn rí i láti àárín ọ̀sà. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń bu àdín kún agolo àtùpà, mo máa ń gé imú òwú, á sì jó di òwúrọ̀. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Oníná, n kì í sì í kọ̀ ọ́.

Ó wá ku Màmá. Mo jókòó tì í, mo ní: "Màmá, ẹ padà sọ́jà yín. Bí ẹ bá wà lójú omi, iná yẹn kò ní kú. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó wò mí títí. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó di gààrí rẹ̀, ó wọ ọkọ̀. Ó lọ, ó bọ̀. Ó tún lọ, ó tún bọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn adìyẹ bú wa láàárọ̀. Inú mi dùn, mo gbéra ga díẹ̀ pẹ̀lú, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́?

Ọyẹ́ wá dé. Tọdún yẹn kì í ṣe kékeré.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, òtútù ló jí mi. Mo yíjú sí fèrèsé tí mo ti máa ń rí iná. Òkùnkùn! Kùrukùru funfun báláú ló wà níta, kò sì sí iná kankan nínú rẹ̀. Màmá sì wà lójú omi.

N kò rántí bí mo ṣe débẹ̀. Mo bá Baálẹ̀ àti àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan létí omi, wọ́n ń pariwo pe ọkọ̀, kùrukùru ń gbé ohùn wọn mì. Mo gun àkàbà. Mo ki ọwọ́ bọ agolo àtùpà. Àdín ti dì gbagidi bí òrí, òwú ti jó dé ibi tó lè jó dé, ó kú. Ìgbà náà ló yé mi! Iná àtùpà kọ́ ló ń mú àdín gbóná nílé ìdáná wa, ooru ààrò ni. Lókè yìí kò sí ààrò, atẹ́gùn ọyẹ́ ló ń fẹ́ ìdí agolo láti ìhà gbogbo.

Ṣé kí n wá máa sunkún? Ẹkún kì í yọ́ àdín. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọ abẹ́ àtíbàbà àwọn aládìn-ín. Èèpo ekùrọ́ tí wọ́n fi dáná lálẹ́ ṣì pọ́n lábẹ́ eérú. Mo wa ẹ̀yinná sínú agolo ọ̀dà kan, mo fi aṣọ so ó kọ́ ìgbọ̀nwọ́, mo tún gùn ún. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló di àkàbà mú. Agolo yẹn jó mi lápá, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní.

Mo gbé ẹ̀yinná sábẹ́ àtùpà, mo ń fẹ́ ẹ, eérú ń wọ̀ mí lójú. Etí àdín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Mo ya etí ìró mi, mo lọ́ ọ, mo tì í bọ ibi tó ti yọ́. Ìṣáná àkọ́kọ́ kú. Èyí tó tẹ̀lé e ràn. Iná náà gbọ̀n díẹ̀, ó sì dìde dúró.

A wá ń retí. Ẹ̀yin ará, kò sóhun tó burú tó ìrètí yẹn. Èmi ni mo ní kó máa lọ. Èmi ni mo fi ẹnu mi sọ pé kò ní kú. Bí Màmá kò bá padà, kí ni mo fẹ́ sọ fún Akin? Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè gbàdúrà.

Nígbà tó pẹ́, a gbọ́ ìró àjẹ̀ lápá ọ̀tún. Imú ọkọ̀ yọ láti inú kùrukùru. Màmá jókòó sáàárín ẹja rẹ̀, ó wé gèlè rẹ̀ dáadáa.

Atukọ̀ wọn, ọmọ Ìjọ̀ kan tó ń jẹ́ Tímì, ló ròyìn fún wa. Ó ní bí àwọn ṣe dé ìyànà ni iná kú. Òun rò pé òun mọ̀nà, òun ń tukọ̀ lọ, ni Màmá bá já àjẹ̀ gbà lọ́wọ́ òun. Gbogbo èrò ọkọ̀ bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní òtútù máa pa àwọn, kò gbà. Ó ní kí wọ́n ki ọ̀pá mọ́ ẹrẹ̀, kí wọ́n dúró. Ìgbà tí iná tún tàn ni wọ́n rí i pé apá òsì ni imú ọkọ̀ kọjú sí, kùkùté sì wà níwájú wọn.

Mo béèrè lọ́wọ́ Màmá pé kí ló mú un dúró bẹ́ẹ̀.

"Mo ní kí ghan dúró," ó dáhùn. "Mo mọ̀ pé ọma mi é è sùn."

Pé ọmọ òun kò sùn, èmi tí òtútù jí! Mo gba apẹ̀rẹ̀ ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, mo yíjú síbòmíràn, nítorí omi ti lé sí mi lójú.

Lọ́sẹ̀ náà, mo gbé agolo àtùpà lọ bá wẹ́dà kan ní Okitipupa. Ó fi pẹlẹbẹ bàbà kan sí i, orí rẹ̀ wà nínú iná, ìdí rẹ̀ wà nínú àdín, kí ooru máa sọ̀ kalẹ̀ sínú agolo. Àwọn aládìn-ín náà pín ara wọn: lásìkò ọyẹ́, ilé tó bá ní èèyàn lójú omi ni yóò wá jókòó ti ẹ̀yinná ní ìdájí. Èmi náà ń jókòó lọ́jọ́ ọjà Màmá. Títí wọ́n fi gbé mi lọ sí ilé ìwé mìíràn ní Ìrẹ̀lẹ̀, iná yẹn kò kú mọ́ èèyàn lójú omi mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: kò le láti tan iná kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa, ìdájí ló le. Ẹni tó wà lójú omi kì í ránṣẹ́ béèrè bóyá a ti jí. Ó ti gbà pé a ti jí, ó sì ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti gbẹ́kẹ̀ lé yín rí ju bí ẹ ṣe tó lọ, tí ó wá di dandan kí ẹ di irú ẹni tó gbà pé ẹ jẹ́? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, mo máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ti ẹni tó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.